Orúnkún màmá ń ro wọ́n sí i lẹ́yìn físíò: ṣé ká dá a dúró ni?

Ìbéèrè tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 62 ni màmá mi, Ìbàdàn ni wọ́n ń gbé, aṣọ ni wọ́n ń tà ní Gbági. Orúnkún ọ̀tún ti ń dùn wọ́n láti bí ọdún mẹ́ta, ti òsì náà sì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ya X-ray, wọ́n ní eegun ti jẹ, pé eegun ti ń ha eegun. Dókítà ní ká lọ rí físíò. Físíò tí a bá níbẹ̀ kò fi iná sí i, kò fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ ra á, kìkì 'ẹ dìde, ẹ jókòó, ẹ gun àtẹ̀gùn' ni. Tí wọ́n bá délé, orúnkún á máa ro wọ́n títí di alẹ́, wọ́n á ní kí n bá àwọn fi Aboniki pa á. Gbogbo ìgbà tí a bá lọ ló sì máa ń bi wọ́n pé 'ìrora yín, mélòó nínú mẹ́wàá?' Àǹtí mi ní ká má lọ mọ́, pé eegun tó ti jẹ, ẹni tó bá ń lò ó, ohun tó kù ló ń bà jẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ó yẹ kó máa dùn báyìí? Ṣé físíò yìí mọṣẹ́?"

* * *

Ẹ má tíì dá a dúró o. Ẹ bá mi bi màmá ní nǹkan mẹ́ta ná. Tí wọ́n bá ń ṣe eré ìdárayá yẹn lọ́wọ́, báwo ló ṣe ń dùn wọ́n tó? Tí wọ́n bá ṣe tán, ó máa ń tó ìgbà wo kó tó rọlẹ̀? Tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, ṣé orúnkún náà ti padà sí bó ṣe máa ń ṣe wọ́n tẹ́lẹ̀, àbí ó wú, ó gbóná, wọn ò lè tẹ ẹsẹ̀ náà?

Ìdáhùn sí ẹ̀kẹta yẹn ni mò ń wá jù, torí òun ni àwọn èèyàn kì í kíyè sí. Wọ́n á rántí bó ṣe dùn tó nínú yàrá físíò, wọn ò ní rántí pé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n rìn dé balùwẹ̀ láìdi ògiri mú.

Òdiwọ̀n tí èmi àti ọ̀pọ̀ físíò akẹgbẹ́ mi ń lò rèé. Tí ìrora bá wà láàárín 0 sí 2 nínú 10 nígbà eré ìdárayá, ẹ máa ṣe é lọ. Tó bá dé 5, a ṣì lè gbà á, bó bá ti lè rọlẹ̀ kí wákàtí 24 tó pé. Tó bá kọjá 5, tàbí tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì tí kò rọ̀, iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ti pọ̀ jù. Ẹ dín in kù. Mi ò ní kẹ́ ẹ pa á tì, mo ní kẹ́ ẹ dín in kù. Irú òdiwọ̀n yìí ni wọ́n ń lò ní Denmark nínú ètò eré ìdárayá GLA:D, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2013 fún àwọn tí orúnkún tàbí ìbàdí wọn ti jẹ. Ìlànà NICE, àjọ tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2022, sọ ọ́ kedere pé kí àwa físíò kìlọ̀ fún aláìsàn pé ìrora lè kọ́kọ́ pọ̀ sí i nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá. Tí físíò yín ò bá sọ ìyẹn fún màmá lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ibẹ̀ ni mo ti rí àléébù rẹ̀. Eré ìdárayá tó fún wọn kọ́ ni àléébù.

Ní ti bóyá ó mọṣẹ́: ẹ béèrè ìwé àṣẹ rẹ̀. Ní Nàìjíríà, abẹ́ Medical Rehabilitation Therapists Board ni gbogbo físíò wà. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó wọ aṣọ funfun tó ń fi òróró ra èèyàn lára ni físíò.

* * *

Mo ti ka èsì yín. Ẹ ti pín sí ọ̀nà méjì bí mo ṣe rò.

Àwọn kan ní bí kò bá dunni, kò ṣiṣẹ́, pé ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Àwọn yòókù ní físíò tó bá ń dunni, ọ̀dájú ni, kí wọ́n fi ìyá arúgbó sílẹ̀ kó sinmi.

Àáké kọ́ ni mo fẹ́ fi wo orúnkún ẹnikẹ́ni, ẹ jọ̀ọ́. Ọkùnrin tó kọ̀wé pé físíò òun máa ń tẹ orúnkún òun wọlé títí òun á fi pariwo, "ṣùgbọ́n mo fara dà á": bóyá iṣẹ́ abẹ lẹ ṣe tí orúnkún fi le gan-an, tí ó sì pọn dandan láti tẹ̀ ẹ́. Mi ò sí níbẹ̀. Àmọ́ igbe kì í ṣe ẹ̀rí pé iṣẹ́ ń lọ. Ẹni tó bá ń pariwo, gbogbo iṣan rẹ̀ á le gbagidi láti fi dáàbò bo oríkèé, físíò á wá máa bá iṣan jà dípò kó máa bá oríkèé ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń sọ pé kí ìyá sinmi, ọ̀rọ̀ yín ló ń pa èèyàn lára jù lọ ní tèmi, torí ó dùn ún gbọ́. Iṣan iwájú itan ni alágbàtọ́ orúnkún. Ẹni tí orúnkún ń dùn á dín ìrìn kù, iṣan yẹn á rọ, orúnkún á wá máa gbé ẹrù tí iṣan ì bá bá a gbé, á tún dùn sí i, onítọ̀hún á tún dín ìrìn kù. Ọdún méjì ìsinmi báyìí, ìyá tó ń rìn wọ ọjà tẹ́lẹ̀ ti ń fi ọ̀kadà dé ẹnu ìsọ̀.

Ohun tí àǹtí sọ nípa "lílò ń bà á jẹ́", mo mọ ibi tó ti wá. Ṣùgbọ́n ẹran líle tó ń dán, tó bo orí eegun nínú oríkèé, kò ní ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn wọ inú rẹ̀. Omi inú oríkèé ló ń bọ́ ọ. Tí a bá tẹ̀ ẹ́, omi á jáde. Tí a bá tú u sílẹ̀, omi á wọlé pẹ̀lú oúnjẹ. Ẹni tó jókòó gbọin láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kò fún un lóúnjẹ. Kò sì ní iṣan ìmọ̀lára rárá, kò lè dunni fúnra rẹ̀. Eegun tó wà lábẹ́ rẹ̀, àpò tó yí oríkèé ká, àti awọ inú àpò yẹn, àwọn ló ń dunni.

* * *

Ẹnì kan béèrè pé: "Nígbà tí X-ray ti fi hàn pé eegun ti jẹ, kí ló tún kù tí eré ìdárayá fẹ́ ṣe?"

Ẹ jẹ́ n sọ ojú abẹ níkòó. Mi ò fẹ́ràn gbólóhùn yẹn, "eegun ń ha eegun", lẹ́nu òṣìṣẹ́ ìlera. Ẹni tó bá ti gbọ́ ọ kì í fi gbogbo ara tẹ ẹsẹ̀ yẹn mọ́. Mo máa ń rí wọn tí wọ́n bá wọlé: fọ́tò X-ray á wà lábíyá nínú ọ̀rá, wọ́n á kọ́kọ́ fi gìgísẹ̀ tọ́ ilẹ̀ wò kí wọ́n tó gbé ara lé e, wọ́n á di tábìlì mi mú tọwọ́ tọwọ́ kí wọ́n tó jókòó, wọ́n á sì na ẹsẹ̀ náà gbọọrọ síwájú. Àwòrán yẹn ni wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wọn gbèjà.

Ní 2015, àwọn olùwádìí kan kó àbájáde àwòrán ẹ̀yìn àwọn èèyàn 3,110 jọ. Kò sí ẹ̀yìn dídùn lára ẹnikẹ́ni nínú wọn. Síbẹ̀, nínú àwọn ẹni 20 ọdún, ìdá 37 nínú 100 ni ìrọ̀rí àárín eegun ẹ̀yìn wọn ti ń gbó. Nínú àwọn ẹni 50 ọdún, ìdá 80 ni. Ẹ̀yìn ò dùn wọ́n o! Ká ní ọ̀kan nínú wọn ṣèèṣì gbé ohun tó wúwo lọ́la, tí ẹ̀yìn wá dùn ún, tó lọ ya àwòrán, wọ́n á nawọ́ sí ìrọ̀rí tó ti gbó láti ọdún mẹ́wàá, wọ́n á ní òun ló fà á.

Ti orúnkún gan-an tún yani lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Houston, ní Amẹ́ríkà, dókítà oníṣẹ́ abẹ kan, J. Bruce Moseley, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kó aláìsàn 180 jọ, àwọn tí orúnkún wọn ti jẹ. Àwọn kan, wọ́n ki irin tín-ín-rín bọ inú orúnkún wọn, wọ́n fọ̀ ọ́ tàbí kí wọ́n há ohun tó ti ṣá kúrò. Àwọn yòókù, wọ́n kàn fi abẹ gé awọ ara wọn díẹ̀, wọ́n rán an padà, wọn ò wọnú oríkèé rárá. Àwọn aláìsàn ò mọ èyí tí wọ́n ṣe fún wọn. Wọ́n tẹ̀ lé wọn fún ọdún méjì, wọ́n sì tẹ àbájáde jáde ní 2002: ìrora àwọn tí wọ́n fọ orúnkún wọn kò dín ju ti àwọn tí wọ́n gé lásán.

Mi ò sọ pé X-ray ò wúlò. Tí èèyàn bá ṣubú, tí a bá ń wá eegun tó ṣẹ́, tí a bá ń fura sí ikọ́ ẹ̀gbẹ tó wọ ọ̀pá ẹ̀yìn, ẹ jẹ́ kí wọ́n yà á lónìí. Orúnkún kan sì wà tó ti jẹ débi pé ìpààrọ̀ ló kù. Ẹni tí kò lè sùn, tí kò lè rìn dé ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn tó ti ṣe eré ìdárayá dáadáa fún ọ̀pọ̀ oṣù, iṣẹ́ abẹ yẹn máa ń dáa fún un. Ohun tí mò ń sọ ni pé àwòrán kò lè sọ bó ṣe ń dun màmá tó, kò sì lè sọ bí wọ́n ṣe máa rìn tó lóṣù mẹ́fà sí i.

* * *

"Nígbà náà, ẹ̀ ń sọ pé orí ni gbogbo ẹ̀ wà, pé màmá kàn ń rò ó ni?"

Rárá o. Ìrora màmá jẹ́ òótọ́, bí X-ray wọn bá mọ́ tónítóní pàápàá, mi ò ní jiyàn rẹ̀. Ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn onímọ̀ ìrora, IASP, tún ìtumọ̀ ìrora ṣe ní 2020, wọ́n sì fi í síbẹ̀ pé ohun tí ẹnì kan bá sọ nípa ìrora rẹ̀, ká bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n nínú ìtumọ̀ kan náà, wọn ò sọ pé ara gbọ́dọ̀ ti bàjẹ́ kó tó lè dunni. Ara lè bàjẹ́, ó lè fẹ́ bàjẹ́, ó sì lè jẹ́ pé ó kàn rí lára bíi pé ó ń bàjẹ́.

Àwọn iṣan tó ń gbé ìròyìn lọ sọ́pọlọ máa ń di bí ajá tí olè ti wọlé olówó rẹ̀ rí: olè kọ́ ló ń gbó mọ́, ewé já bọ́, ó ti gbó. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tí orúnkún ti ń dùn, ohun tí kò tó nǹkan ti lè mú un dùn gan-an. Àìsùn máa ń dá kún un. Ìbẹ̀rù náà. Ìyá tó ń ronú owó ilé ìwé ọmọ nígbà tí ọjà ò tà, ẹ bi í bí orúnkún rẹ̀ ṣe ń ṣe lọ́sẹ̀ yẹn. Eré ìdárayá tó ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ ń fún iṣan ẹsẹ̀ lókun, ó sì tún ń jẹ́ kí ara mọ̀ pé títẹ ẹsẹ̀ yìí ò léwu.

* * *

Ó kàn ọ̀rọ̀ nọ́ńbà. Ẹni tó kọ̀wé pé "mélòó nínú mẹ́wàá yẹn, ìfàkókòṣòfò ni", mo bá yín dé ìdajì ọ̀nà.

Ẹ bi ìyá kan pé báwo ni ìrora. "A dúpẹ́." Ẹ tún un bi. "Ó ń sàn lágbára Ọlọ́run." Ẹ ní kó ṣáà mú nọ́ńbà kan. "Ẹ jẹ́ ká fi sí méjì, dókítà. Mi ò ní fi ẹnu ara mi pe mẹ́wàá." Bẹ́ẹ̀, látìgbà tó ti jókòó ni ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí itan tó ń fún un mọ́lẹ̀. Ẹ wá rí ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbọ́ pé ẹni tí ìrora rẹ̀ pọ̀ ni wọ́n ń tètè dá lóhùn. "Mẹ́wàá ni, ó tiẹ̀ ju mẹ́wàá lọ," ojú rẹ̀ ò sì kúrò lára fóònù.

Nítorí náà, nọ́ńbà ẹnì kan kò ṣeé fi wé ti ẹlòmíì. Mẹ́rin màmá yín lè jẹ́ mẹ́jọ tèmi. Ìwúlò rẹ̀ ni pé ká fi ti òní wé ti oṣù tó kọjá lára ẹnì kan náà. Tó bá fi 2 wálẹ̀, tàbí tó dín ní nǹkan bí ìdá 30 nínú 100, ìyẹn ni a máa ń kà sí ìyàtọ̀ gidi. Tó bá ti 6 bọ́ sí 5 lọ́sẹ̀ kan, ẹ má tíì jó. Ìgbà mẹ́ta ni mo sì máa ń béèrè: ìgbà tó le jù lọ́sẹ̀ yìí, ìgbà tó rọ̀ jù, àti ìsinsìnyí. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìlà wọn ìrora dípò nọ́ńbà, ìyẹn ìlà tí èèyàn á fi àmì sí ibi tí ìrora rẹ̀ dé, àwọn olùwádìí nílé wa ti túmọ̀ ìyẹn sí Yorùbá, Ìgbò àti Haúsá. Ọmọdé, ẹ fún un ní àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín dé èyí tó ń sunkún.

Ṣùgbọ́n ká tó sọ pé nọ́ńbà nìkan tó, mo máa ń ní kí wọ́n mú ohun mẹ́ta tí orúnkún kò jẹ́ kí wọ́n ṣe. Kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé òyìnbó nípa bíbọ́ sínú báàfù. Ìkúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìforíkanlẹ̀ lórí ìrun. Gígun dánfó nígbà tí kọ̀ndọ́ ti ń pariwo "wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ". Dídìde lórí àpótí ìdáná láìfi ọwọ́ ti ilẹ̀. Ìyá tó bá ní ìrora òun ṣì jẹ́ 5 ṣùgbọ́n tó ti padà sẹ́nu ìkúnlẹ̀, ó ti sàn lójú tèmi. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, wọ́n ti ṣe òdiwọ̀n kan fún orúnkún àti ìbàdí tó ti jẹ, èyí tó bá ìgbé ayé tiwa mu. Ẹ bi físíò yín bóyá ó ń lò ó.

Ọ̀kan tẹ́ ẹ lè ṣe nílé rèé: ẹ gbé àga onígi tí kò lápá ti ògiri, kí màmá ká ọwọ́ méjèèjì lé àyà, kí wọ́n dìde dúró tán kí wọ́n sì tún jókòó, ẹ ka iye ìgbà tí wọ́n ṣe é láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30. Obìnrin tó wà láàárín ọdún 60 sí 64 tí kò bá dé 12, agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ sí bó ṣe yẹ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn oṣù kan. Kò sí ẹni tó lè fi "a dúpẹ́" bo ìyẹn mọ́lẹ̀.

* * *

Iná, ẹ̀rọ, ìfọwọ́ra. Mo mọ̀ pé ibí ni ìjà wà, torí ibẹ̀ lẹ ń sanwó sí.

Aláìsàn máa ń rò pé ẹ̀rọ ni ìtọ́jú. Tí mo bá ní "ẹ dìde, ẹ jókòó", wọ́n á ní ṣé ìyẹn náà ni wọ́n gba owó lé? Tí mo bá tan iná pupa fún wọn fún ìṣẹ́jú ogún, tí mo jókòó tí mò ń kọ̀wé, wọ́n á ní físíò yìí ò kẹ̀rẹ̀. Ìlànà NICE tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ní kí a má fi ultrasound (ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì ohùn ṣiṣẹ́) tàbí TENS (ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná díẹ̀ gba awọ ara) tọ́jú orúnkún tó ti jẹ, torí ẹ̀rí rẹ̀ kò tó. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, náà gbé ìlànà jáde ní ìparí 2023 nípa ẹ̀yìn tó ń dunni fún ìgbà pípẹ́: bẹ́líìtì ẹ̀yìn, ẹ̀rọ tó ń fa ẹ̀yìn gùn, wọ́n ní ká má lò ó. Ẹ wo iye bẹ́líìtì tó wà lọ́jà.

Akẹgbẹ́ mi kan bá mi jiyàn lórí èyí. Ó ní tí òun ò bá tan iná, aláìsàn ò ní padà wá, ẹni tí kò padà wá kò sì ní ṣe eré ìdárayá kankan. Mi ò rí èsì tó pé fún un. Tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lábẹ́ iná bá mú kí màmá rọ̀ tó láti ṣe iṣẹ́ gidi, ẹ tàn án. Tó bá jẹ́ iná nìkan ni wọ́n ń tàn láti oṣù kan, ẹ fi owó yín ra nǹkan mìíràn.

Aboniki àti fífi ọwọ́ ra, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìrora méjì, Melzack àti Wall, ṣàlàyé rẹ̀ ní 1965: ìròyìn ìfọwọ́ra àti ti ìrora jọ ń gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọnú ọ̀pá ẹ̀yìn, èyí sì lè dí èkejì lọ́nà. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tó fi ẹsẹ̀ gbá nǹkan fi máa ń yára fọwọ́ ra á. Kì í pẹ́ tó fi ń lọ, ṣùgbọ́n ìtura ni. Ẹ má ṣáà fi aṣọ gbígbóná lé ibi tẹ́ ẹ fi báàmù pa, ó ti bó àwọn kan lára. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń kú, kó jìnnà sí omi gbígbóná.

* * *

Ẹ jẹ́ n yà díẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà, torí ẹni méjì béèrè.

Ẹni tí bàbá rẹ̀ ní rọpárọsẹ̀, tí èjìká wá ń dùn wọ́n: ẹ yé fa apá yẹn. Iṣan ló di èjìká mú sáyè rẹ̀. Nígbà tí iṣan bá ti rọ, apá á kàn ṣo rọ̀, orí eegun á sọ̀ kalẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá ki ọwọ́ bọ abíyá láti gbé wọn dìde, tàbí tẹ́ ẹ fi okùn fà á lọ sókè lójoojúmọ́ nítorí pé "kó máa dùn kó máa sàn", ẹ ń dá ọgbẹ́ sínú oríkèé ni. Ẹ di ìbàdí wọn mú láti gbé wọn. Tí wọ́n bá jókòó, ẹ fi ìrọ̀rí gbé apá náà. Tí wọn ò bá lè sọ̀rọ̀, ojú wọn ni kẹ́ ẹ máa wò, àti ọwọ́ kejì tó ń sáré wá dí yín lọ́wọ́. Níbí yìí, kò sí "títí dé 5". Ẹ dúró tó bá ti ń dùn.

Ẹni tí àbúrò rẹ̀ jẹ́ fòníkú-fọ̀ladìde (sickle cell), tí ibi tí itan ti pàdé ikùn ń dùn ún, tó ń tiro: ẹ má kà á sí ara ríro lásán o. Ẹ̀jẹ̀ lè má dé orí eegun itan mọ́, kí eegun náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ẹ lọ ya X-ray, kí dókítà eegun rí i. Tí X-ray bá mọ́ tí ìrora ò lọ, ẹ béèrè àwòrán MRI.

* * *

Oògùn. Ní kúkúrú.

Diclofenac tàbí ibuprofen tẹ́ ẹ̀ ń rà ní kẹ́míìsì, ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó lè dá ọgbẹ́ sínú, ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ríru le sí i, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́, àgàgà lára ẹni tó ti kọjá 60. Ìpara diclofenac ni kí màmá kọ́kọ́ lò fún orúnkún, kì í fi bẹ́ẹ̀ wọnú ẹ̀jẹ̀. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni àpòpọ̀ oògùn inú ọ̀rá kékeré, tí wọn ò kọ orúkọ kankan sí lára. Ó máa ń ṣiṣẹ́ bí idán, torí ó lè ní dexamethasone, oògùn steroid kan, nínú. Tí ojú bá ti ń wú rokoṣo, tí ṣúgà ń gòkè, ẹ mọ ibi tó ti wá. Àgbo pẹ̀lú oògùn òyìnbó lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún dókítà.

Àwọn tí kò gbọdọ̀ dúró de físíò: ẹ̀yìn dídùn pẹ̀lú ìtọ̀ tí kò jáde tàbí tó ń jáde láìmọ̀, ojú ara àti ìdí tó kú, ẹsẹ̀ méjèèjì tó ń rọ. Ilé ìwòsàn, lálẹ́ ọjọ́ náà ni. Ìrora tí kì í jẹ́ kí èèyàn sùn bó ti wù kó yí ara, tí onítọ̀hún sì ń rù tàbí tí ibà ń ṣe é, tàbí tó ti ní jẹjẹrẹ rí. Orúnkún kan tó wú, tó pọ́n, tó gbóná janjan láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ẹ má ní jẹ̀díjẹ̀dí ni.

* * *

Ẹni tó béèrè ti padà wá pẹ̀lú ìdáhùn, mo dúpẹ́. Ẹ ní nígbà ìdìde-ìjókòó, màmá ní 3. Nígbà àtẹ̀gùn, 6. Ó máa ń ro wọ́n di alẹ́, ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ bá mọ́, ó ti rọ̀, àfi ọjọ́ tí wọ́n bá ti ọjà dé kí wọ́n tó lọ síbẹ̀. Ọjọ́ kejì ìyẹn, orúnkún á wú.

Ó ti yé mi. Iṣẹ́ tó bójú mu ni físíò yẹn ń ṣe, àtẹ̀gùn yẹn nìkan ló ga jù fún wọn báyìí. Ẹ lọ sọ nọ́ńbà méjì yẹn fún un bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Kí ìdìde-ìjókòó máa lọ, kó má yí padà. Àtẹ̀gùn, kó fi pákó tó ga bí ìbú ọwọ́ kan rọ́pò rẹ̀, kí wọ́n máa fi ọwọ́ kan di nǹkan mú. Ọjọ́ ọjà, kí wọ́n má gun ohunkóhun. Ọjà náà ti tó iṣẹ́ fún orúnkún.

Ní ìsọ̀, ẹ gbé àpótí kékeré yẹn kúrò, ẹ ra àga tó ga débi tí orúnkún ò fi ní ga ju ìbàdí lọ. Ọ̀pá, tí wọ́n bá gbà á: ọwọ́ òsì ni kí ó wà, torí ti ọ̀tún ló ń dùn jù. Wọ́n á ní ọ̀pá ń sọ àwọn di arúgbó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lò ó láti ilé dé ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ ná, kí wọ́n gbé e pamọ́ lójú àwọn oníbàárà. Ẹ sì sọ pé wọ́n sanra díẹ̀: tí wọ́n bá fi kílò kan jò, ẹrù tó ń bọ́ kúrò lórí orúnkún ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó bíi kílò mẹ́rin. Ẹ má dá ebi sí wọn lára, ẹ kọ́kọ́ dín ẹ̀bà alẹ́ kù.

Tí pákó yẹn bá ti wà ní 3 tàbí kó máà tó bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí orúnkún ò sì wú láàárọ̀, kó gbé e ga sí i díẹ̀. Tó bá tún fò dé 6, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ padà, kẹ́ ẹ sì kọ̀wé síbí.